Ooru Tí Kì í Ṣe Ibà

Bí ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún bá ń làágùn lójijì ní òru, tí ojú rẹ̀ gbóná, tí aṣọ ara rẹ̀ rin, tí òtútù sì tún mú un lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ni ẹni tó wà nítòsí yóò sọ? Ní agbègbè wa yìí, láti Òkokomáíkò títí dé Ìjànikin, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni: ibà ni. Wọn yóò ra oògùn ibà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, wọn yóò se àgbo dọ́ńgóyárò, bí kò bá sì lọ, wọn yóò ní ó ti di táífọ́ọ̀dù. Bẹ́ẹ̀ ó pọ̀ nínú àwọn ọkùnrin tí ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ próstéètì tí irú ooru yìí ń bá fínra láìsí ibà kankan lára wọn. Ìtọ́jú náà gan-an ló ń fà á.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Próstéètì jẹ́ ẹ̀yà ara kékeré tí kò tóbi ju awùsá lọ. Abẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin ló wà, ọ̀nà ìtọ̀ sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Ohun tó ń mú un dàgbà ni họ́mọ́ònù tí wọ́n ń pè ní testosterone, èyí tó jẹ́ pé kóró ẹpọ̀n ló ń pèsè ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀. Họ́mọ́ònù yìí kan náà ló ń hu irùngbọ̀n, òun ló ń mú ohùn ki, òun ló ń fún iṣan lágbára, òun ló sì ń jẹ́ kí obìnrin wu ọkùnrin. Bí jẹjẹrẹ bá mú próstéètì, oúnjẹ kan náà ni jẹjẹrẹ yóò máa jẹ. Ní ọdún 1941 ni Charles Huggins àti Clarence Hodges, ní Yunifásítì Chicago ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé bí testosterone bá dín kù, jẹjẹrẹ náà yóò rọlẹ̀. Huggins gba ẹ̀bùn Nobel ní 1966 nítorí iṣẹ́ yìí. Láti ìgbà náà, ọgbọ́n kan ni ìtọ́jú họ́mọ́ònù dúró lé lórí: ẹ fi ebi pa á.

Àrùn yìí kò jìnnà sí wa. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin kan nínú 8 ni jẹjẹrẹ próstéètì ń mú ní ọjọ́ ayé rẹ̀. Láàárín àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ibẹ̀, ọ̀kan nínú 4 ni. Síbẹ̀, a kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ṣe ní 2014 nígbà tó sọ ní gbangba pé òun ti gba ìtọ́jú àrùn náà.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà máa ń gbà fi ebi pa á. Èkíní ni iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń yọ kóró ẹpọ̀n. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣe é, owó rẹ̀ sì kéré sí ti abẹ́rẹ́ tí ènìyàn yóò máa gbà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ní Nàìjíríà fi ń yàn án. Èkejì ni abẹ́rẹ́. Ọ̀kan tó lórúkọ níbẹ̀ ni goserelin, tí wọ́n ń tà ní orúkọ Zoladex. Hóró kékeré kan ni, tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ńlá tì sábẹ́ awọ ikùn. Èyí tó jẹ́ 3.6 mg wà fún ọjọ́ 28, èyí tó jẹ́ 10.8 mg wà fún ọ̀sẹ̀ 12. Kò gbọdọ̀ wà níbi tí ooru bá ti ju ìwọ̀n 25 lọ, nítorí náà ẹni tó bá rà á ní erékùṣù Èkó, tó fẹ́ gbé e wá sí ọ̀nà Àgbádárìgì nínú gosiló ọ̀sán, kí ó bi apòògùn léèrè bí yóò ṣe gbé e.

Bí abẹ́rẹ́ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ yà mí lẹ́nu. Ọpọlọ ló máa ń ránṣẹ́ sí kóró ẹpọ̀n pé kó ṣiṣẹ́. Abẹ́rẹ́ yìí a wá dà bí àlejò tó ń kan ilẹ̀kùn láìsinmi. Lákọ̀ọ́kọ́, onílé yóò sáré wá ṣí i. Nígbà tó bá yá, yóò di etí rẹ̀, kò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́. Ewu wà nínú eré àkọ́kọ́ yẹn o. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀, testosterone a máa kọ́kọ́ ròkè kó tó wálẹ̀. Bí jẹjẹrẹ bá ti dé inú egungun, ìrora lè pọ̀ sí i; bí ó bá wà ní ọ̀pá ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ lè rọ. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń fún aláìsàn ní oògùn oníhóró bíi bicalutamide yí ká àsìkò abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń kú tàbí tí kò lè tọ̀ mọ́ ní àsìkò yẹn, ọsibítù ni kí ó gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó má dúró de ọjọ́ àdéhùn.

Mo mọ bàbá kan ní Ìjànikin, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ilé ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè ní AOCOED bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti di yunifásítì láti 2022. Ó gbà kí n sọ ìtàn òun bí n kò bá dárúkọ. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló lo oògùn ibà láàárín oṣù méjì.

"Bàbá," ni mo wí, "ṣé wọn kò sọ fún yín ní ọsibítù pé èyí lè ṣẹlẹ̀ ni?"

"Wọ́n sọ, ọmọ mi. Nọ́ọ̀sì ní ara mi yóò máa gbóná. Kí ni ìwọ gbọ́ nígbà tí wọ́n bá ní ara ènìyàn gbóná?"

Ibà ni mo gbọ́. Ẹnikẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá yóò gbọ́ ibà. Ẹ̀kọ́ Yorùbá ni mo kà ní yunifásítì, bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí kò fi kúrò lọ́kàn mi. Nọ́ọ̀sì náà kò purọ́, bàbá náà kò sì gbọ́ ọ ní òdì. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ lò ti ní ìtumọ̀ mìíràn tẹ́lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé "ooru òjijì" ni ó pè é, tó sì fi kún un pé yóò dé, yóò sì lọ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, bàbá kì bá ti ná owó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ìyàtọ̀ wà láàárín méjèèjì. Ooru òjijì kì í jókòó sára, kì í mú kí ẹnu korò, kì í sì í dá oúnjẹ dúró. Síbẹ̀, níwọ̀n bí ẹ̀fọn ti wà káàkiri adúgbò wa, kí ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kó tó gbé oògùn ibà mì tàbí kó tó pa ibà tì.

Ata gbígbóná, tíì gbígbóná àti ọtí a máa ru ooru náà sókè lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dára ju léèsì lọ. Bí kò bá sí iná mànàmáná, tí fáànù kò ṣiṣẹ́, aṣọ ìnura tí a rẹ sínú omi tútù ń ṣèrànwọ́. Bí ó bá pọ̀ débi pé oorun kò sí mọ́, oògùn wà tí dókítà lè kọ fún un, ọ̀kan ni medroxyprogesterone.

Ti ooru rọrùn láti sọ. Èyí tí bàbá fi ọjọ́ mélòó kan yẹra fún ni ọ̀rọ̀ ibùsùn. Nígbà tí testosterone bá lọ, ìfẹ́ obìnrin a bá a lọ, nǹkan ọkùnrin kì í sì í sábà dìde mọ́. Kì í ṣe àfọwọ́fà, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kì í ṣe pé ìyàwó ti sú u. Hóró bíi sildenafil lè ran dídìde lọ́wọ́ lára àwọn kan, ṣùgbọ́n kò lè dá ìfẹ́ náà padà, ó sì léwu gidigidi fún ẹni tó ń lo oògùn nitrate fún ọkàn.

Ọ̀rọ̀ méjì ni mo ti gbọ́ lẹ́nu ènìyàn nípa irú ọkùnrin báyìí, méjèèjì kò sì dára. "Akúra" dà bí èpè. "Wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá" jẹ́ ọ̀rọ̀ òbúkọ. Ó yẹ kí a rántí pé ní ààfin Ọ̀yọ́ àtijọ́, àwọn ìwẹ̀fà, tí wọn kò ní kóró ẹpọ̀n, kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ: Ọ̀nà-Ẹfà a máa dájọ́ ní orúkọ ọba, Òsì-Ẹfà a sì máa dúró ní ipò Aláàfin. Èmi kò sọ pé ẹnikẹ́ni yan ipò náà tayọ̀tayọ̀. Mo kàn ń sọ pé àwọn baba wa kò ka irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ sí òkú.

Ìtìjú yìí ló ń gbé àwọn ọkùnrin lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń ta agbo àti oògùn agbára ọkùnrin nínú ọkọ̀ ojú ọ̀nà Àgbádárìgì. Kò sí ẹni tó mọ ohun tó wà nínú ìgò náà. Bí testosterone bá wà nínú rẹ̀, tàbí bí ẹnikẹ́ni bá gún un ní abẹ́rẹ́ testosterone kí "agbára" lè padà, oúnjẹ ni wọ́n ń gbé fún jẹjẹrẹ tí ọsibítù ń fi ebi pa.

Àwọn ìyọnu yòókù kì í pariwo. Ọmú lè wú, kó sì máa ro ni, pàápàá fún ẹni tó ń lo bicalutamide nìkan. Ó yẹ kí a sọ fún dókítà ní kùtùkùtù, nítorí ọ̀nà tí a fi ń dènà rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ dáadáa bó bá ti pẹ́. Ikùn a máa yọ, iṣan a máa jò. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè ròkè, ewu àrùn ọkàn lè pọ̀ sí i. Inú lè máa bàjẹ́ láìnídìí, omijé lè wà nítòsí lójú ọkùnrin tí kò sunkún rí. Ẹni tó ń lo abiraterone gbọdọ̀ máa lò ó nígbà tí kò sí oúnjẹ nínú rẹ̀, kí ó má sì dá prednisolone tí wọ́n fi tì í dúró, kí wọ́n sì máa wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀.

Egungun ni mo bẹ̀rù jù. Láìsí testosterone, egungun a máa fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀, láìrora, títí di ọjọ́ tí bàbá bá yọ̀ ní ilé ìwẹ̀ tí ìbàdí sì kán. Ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ tegungun-tegungun, wàrà, ẹ̀fọ́ àti oòrùn àárọ̀ dára, ṣùgbọ́n kò tó. Ó yẹ kí dókítà wo bóyá ó nílò oògùn egungun. Eré ìdárayá pẹ̀lú kì í ṣe ti ọ̀dọ́ nìkan: ìlànà ìtọ́jú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí ẹni tó ń gba ìtọ́jú yìí máa ṣe é, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 12, kí àárẹ̀ lè dín kù. Bàbá tíṣà ń fi ẹsẹ̀ rìn yí pápá ilé ẹ̀kọ́ ká, ó sì ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi lítà márùn-ún sókè sódò, tí àwọn ọmọ àdúgbò ń fi í rẹ́rìn-ín.

Ó ti fẹ́ fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ nígbà kan. Ó rò pé kí òun kú bí ọkùnrin sàn ju kí òun wà báyìí lọ. Dókítà kò bá a jà. Ó ní àwọn aláìsàn kan wà tí wọ́n lè dá abẹ́rẹ́ dúró fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n máa fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ PSA ṣọ́ àrùn náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń dá ṣe nílé. Ó wá ní kí ó mú ìyàwó rẹ̀ wá.

Títí di ọjọ́ náà, ìyá kò mọ̀ ju pé ọkọ òun ń gba abẹ́rẹ́ ìtọ̀. Ó jókòó, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Dókítà, ṣé nítorí èyí ni Bàbá Ṣeun fi kó lọ sí yàrá kejì? Mo ti sọ fún àbúrò mi pé ó ti rí ẹlòmíràn."

Ìyá ló ń mú káàdì ọsibítù dání báyìí. Bí ọ̀sẹ̀ 12 bá ti pé, wọn yóò jọ wọ ọkọ̀ ní Ìjànikin ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, kí gosiló Mile 2 tó dì, pẹ̀lú aṣọ ìnura kan nínú ọ̀rá.