Ẹ̀yà Titun àti Ẹ̀yà Àtijọ́ Nínú Ẹ̀rọ Alùpùpù

Àwọn àgbà a máa wí pé inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde. Ọ̀rọ̀ yìí bá títún ẹ̀rọ alùpùpù àtijọ́ ṣe mu; nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé ohun tí ó bá ti jẹ́ titun, tí ó sì ń dán, ni ó dára jù. A bẹ ẹ̀yin òǹkàwé wa kí ẹ bá wa gbé e yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí a mú alùpùpù BSA tí a ń pè ní M20 ṣe àpẹẹrẹ. Ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń ṣe é láti ọdún 1937 títí di 1955. Èyí tí wọ́n ṣe fún ogun 1939 sí 1945 nìkan sì lé ní 120,000. Ilé-iṣẹ́ náà kò ṣe ẹ̀yà rẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ tún un ṣe lónìí yóò wá ẹ̀yà àtijọ́ kiri, tàbí kí ó ra èyí tí àwọn ẹlòmíràn fi ṣe àfarawé rẹ̀. Nínú àfarawé wọ̀nyí, òmíràn dára, òmíràn kò sì níláárí. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Kí ni a ó fi mọ̀ wọ́n? Ìwọ̀n ni. Ihò sìlíńdà M20 fẹ̀ ní mìlímítà 82. Irin ni sìlíńdà, alumíníọ̀mù sì ni písítìn. Bí wọ́n bá gbóná, písítìn a máa wú ju sìlíńdà lọ. Bí àyè àárín wọn bá kéré jù, písítìn yóò há, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn alùpùpù lè dúró lójijì lórí eré, kí ó sì gbé ẹni tí ó gùn ún ṣubú. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni èyí, kì í ṣe ti owó nìkan. Bákan náà ni ríńgì: kí a kọ́kọ́ tì í sínú sìlíńdà, kí a sì wọn àlàfo tí ó wà láàárín orí rẹ̀ méjèèjì. Bí ìdá 12 nínú 1,000 íńṣì ni ó yẹ kí ó jẹ́; bí kò bá tó, orí méjèèjì yóò pàdé nígbà tí ó bá gbóná, ríńgì sì lè ṣẹ́. Bí a bá fi sùúrù pa èèrà, a ó rí ìfun rẹ̀.

Àlòkù náà ní ìdánwò tirẹ̀. Irin tí a bá fura pé ó ti sán, kí a rì í sínú epo òyìnbó, kí a nù ún gbẹ, kí a sì fi ẹfun kùn ún: epo tí ó sá pamọ́ sí ojú sísán yóò jáde, yóò sì fa ìlà sára ẹfun. Kí a da epo náà sínú ihò tí fáàfù ń dí. Bí ó bá ń jò kọjá, fáàfù kò tíì jókòó dáadáa, kí a tún un lọ̀. Ṣùgbọ́n ríńgì tí ó ti jẹ, kí a má ṣe dá a padà.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ kì í ra ata láìtú ìsàlẹ̀ agbọ̀n wò. Kí ẹni tí ń tún ẹ̀rọ ṣe náà má ṣe ra písítìn láìwọ̀n ọ́n, ì báà jẹ́ titun, ì báà jẹ́ àlòkù.