Ooru Ṣáájú Oúnjẹ: Ohun Tó Ń Gbé Ẹ̀mí Ọmọ Ìjàpá Omi Ró

Yàrá tí ooru rẹ̀ jẹ́ 20°C tu ènìyàn lára. Ọ̀pọ̀ ilé ní Chicago tàbí Baltimore ni kì í ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà òtútù. Àwọn onílé á wọ súwẹ́tà, wọ́n á wọ ìbọ̀sẹ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ìjàpá omi bá wà nínú àpótí onígíláàsì ní igun yàrá yẹn, tí kò sí ohun tó ń mú omi rẹ̀ gbóná, ewu ti wọlé tọ̀ ọ́. Ìjàpá kì í ké, kì í sì í gbọ̀n. Ohun tí àwọn tó ń sìn ín á kọ́kọ́ rí ni pé kò jẹun mọ́. Wọ́n á máa pààrọ̀ oúnjẹ fún un, nígbà tó jẹ́ pé ooru ló ń wá.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí wọ́n ń sìn nínú ilé ni ìjàpá omi elétí pupa, tí ilẹ̀ abínibí rẹ̀ wà ní agbègbè odò Mississippi ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin, igbá ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 lọ.

Kí ló dé tí òtútù fi lágbára lórí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Ara ènìyàn ń fi oúnjẹ dá ooru fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi máa ń wà ní nǹkan bí 37°C lọ́sàn-án àti lóru. Ti ìjàpá kò rí bẹ́ẹ̀. Bí omi àti afẹ́fẹ́ tó yí i ká bá ṣe gbóná tó ni ara rẹ̀ ṣe ń gbóná tó.

Ìwọ̀n ooru yìí ni gbogbo iṣẹ́ inú ara rẹ̀ rọ̀ mọ́. Bí ara bá tutù, àwọn èròjà tó ń lọ oúnjẹ nínú ikùn á fà sẹ́yìn, ohun tó ti gbé mì sì lè jẹrà sínú ìfun. Agbára tí ara fi ń bá kòkòrò àìsàn jà náà á dín kù, òtútù àyà á sì ráyè wọlé. Ẹni tó bá rí i tí ìfófòó ń jáde nímú rẹ̀, tó ń la ẹnu mí, tàbí tó ń fì sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí omi, kó má ṣe dúró di ọ̀la kó tó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran.

Ọ̀rọ̀ ọmọ tún le ju ti àgbà lọ. Bí ife tíì ṣe máa ń tutù kí ìkòkò omi tó tutù, bẹ́ẹ̀ ni ara kékeré ṣe máa ń yára pàdánù ooru. Omi sì tún ń fa ooru kúrò lára kíákíá ju afẹ́fẹ́ lọ.

Ẹni tó dàgbà sí Èkó tàbí Abẹ́òkúta lè máa rò ó pé àṣejù ni gbogbo èyí, torí ó ti rí ìjàpá tó ń rìn káàkiri àgbàlá láìsí ẹni tó tan iná fún un. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ ibẹ̀ ló ń bá wọn ṣe iṣẹ́ náà, ọ̀fẹ́ sì ni. Nílùú olótùútù, ẹni tó ń sìn ín ni yóò ṣe é.

Ìwọ̀n ooru wo ló tó?

Omi ọmọ ìjàpá elétí pupa yẹ kó wà láàárín 26°C sí 28°C. Ẹ̀rọ amómigbóná tí wọ́n ń rì sínú omi ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, èyí tó máa ń dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀ tí omi bá ti gbóná dé ìwọ̀n tí a fẹ́. Kí ó ní ìbòrí, kí ọmọ ìjàpá má baà fara gbá a. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná kí ẹ tó da omi nù, nítorí tó bá ń ṣiṣẹ́ níta omi, ó lè fọ́. Kí tẹmómítà sì wà nínú omi náà, torí ọwọ́ ènìyàn kì í ṣe òṣùwọ̀n: omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ wa lè ti gbóná jù fún un.

Omi gbígbóná nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ ní ibi gbígbẹ kan tí yóò gùn lé, tí gílóòbù ń tàn sí títí ibẹ̀ yóò fi gbóná tó 32°C sí 35°C. Ibẹ̀ ni yóò ti máa yáàrùn, tí igbá ẹ̀yìn rẹ̀ yóò ti máa gbẹ. Bí ara bá ti gbóná tó, á tún bọ́ sínú omi. Ìrìn àlọ àti àbọ̀ yìí ló fi ń tọ́jú ara rẹ̀. Àpótí tí gbogbo inú rẹ̀ gbóná bákan náà kò fún un láyè láti sá fún ooru, ooru àpọ̀jù sì ń pa á kíákíá ju òtútù lọ.

Iná tó ń tàn kọ́ ni oòrùn

Oòrùn ń fúnni ní ìtànṣán UVB, òun ni ara ìjàpá fi ń ṣe fítámìn D3. Láìsí fítámìn yìí, kálísíọ́ọ̀mù inú oúnjẹ kò ní wọ inú egungun. Igbá ẹ̀yìn á rọ̀, ẹsẹ̀ á wọ́. Gílóòbù lásán kò ní ìtànṣán yìí, nítorí náà a nílò gílóòbù UVB, tí yóò máa tàn fún wákàtí 10 sí 12 lójúmọ́. Ìtànṣán náà máa ń tán kí iná fúnra rẹ̀ tó kú, ìdí nìyí tí a fi ń pààrọ̀ rẹ̀ láàárín oṣù 6 sí ọdún kan.

Gbígbé àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kò lè rọ́pò rẹ̀. Gíláàsì ń dá UVB dúró, àmọ́ ó ń jẹ́ kí ooru wọlé. Omi inú àpótí kékeré lè gbóná kọjá ààlà láàárín wákàtí díẹ̀.

Láti inú ẹyin ni ooru ti ń ṣiṣẹ́

Ooru ló ń pinnu bóyá ọmọ ìjàpá yìí yóò jẹ́ akọ tàbí abo. Ẹyin tó wà ní 26°C á di akọ. Èyí tó wà ní 31°C á di abo. Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí irú nǹkan báyìí lára ẹran afàyàfà: ní 1966, Madeleine Charnier kọ ọ́ nípa ẹyin alángbá ní Dakar. Ní 2018, àwọn onímọ̀ láti China àti Amẹ́ríkà fi hàn pé ooru ń darí jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní Kdm6b nínú ẹyin ìjàpá elétí pupa, èyí tó ń tan iṣẹ́ dídá akọ.

Tí òtútù bá ti mú un ńkọ́?

Ẹ má ṣe sọ ọ́ sínú omi gbígbóná. Ní Massachusetts, níbi tí òtútù ti máa ń gbá àwọn ìjàpá òkun sétí òkun Cape Cod, àwọn dókítà ẹran New England Aquarium kì í mú wọn gbóná lẹ́ẹ̀kan náà. Nǹkan bíi 3°C ni wọ́n ń fi kún un lójúmọ́. Bí ara bá gbóná lójijì, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró tó ti falẹ̀ lè má lè gbé e. Ti ọmọ inú ilé náà, díẹ̀díẹ̀ ni.

Ẹnì kan lè sọ pé àwọn ìjàpá kan máa ń sun oorun òtútù nínú igbó. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ikùn wọn á ti ṣófo, ara wọn á sì ti múra sílẹ̀ fún un. Yàrá tí kò gbóná, tí kò sì tutù tó fún oorun, kò fún ọmọ ìjàpá ní èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Kí a tó gbé e wálé

Láti 1975 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ti fòfin de títa ìjàpá tí igbá rẹ̀ kò tó ínǹṣì 4 gẹ́gẹ́ bí ẹran ọ̀sìn, nítorí kòkòrò Salmonella tó ń mú kí ọmọdé máa yàgbẹ́ gbuuru, tó sì ń gbẹ̀mí nígbà mìíràn. Síbẹ̀ wọ́n ṣì ń tà á lẹ́bàá ọ̀nà àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àìsàn náà sì tún bẹ́ sílẹ̀ láti ara wọn ní 2023 àti 2024. Ilé tí ọmọ tí kò tó ọdún 5 wà kò yẹ fún un. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, kó fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ẹ má sì ṣe fọ àpótí rẹ̀ níbi tí ẹ ti ń fọ abọ́.

Ìjàpá yìí lè lo ọdún 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, abo sì lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30. Àwọn tí agara dá, tí wọ́n sì ń dà á sódò, ló mú kí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù kà á mọ́ àwọn àjèjì ẹ̀dá tó ń ṣèpalára ní 2016.

Ẹni tí gbogbo èyí kò bà lẹ́rù, kó ra ohun èlò ṣáájú. Kó pọn omi sínú àpótí, kó tan gílóòbù àti ẹ̀rọ amómigbóná, kó sì máa wo tẹmómítà lówùúrọ̀, lọ́sàn-án àti lóru fún ọjọ́ mélòó kan. Tí ìwọ̀n náà bá dúró ṣinṣin láìsí ìjàpá nínú rẹ̀, nígbà náà ló tó kó lọ gbé e wá.