Ewu Tó Ń Ta Láti Ọ̀fun Aláìsàn Sí Ojú Dókítà

Iṣẹ́ abẹ tó ń gbé ojú dókítà sún mọ́ ẹnu aláìsàn bíi ti ọ̀fun kò pọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ yọ bẹ́lúbẹ́lú ọmọdé, wọ́n á kun ọmọ náà lóorun, wọ́n á fi irin la ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, dókítà á jókòó síbi orí rẹ̀, á sì tẹ̀ríba wo inú ọ̀fun. Àlàfo tó wà láàárín ojú rẹ̀ àti ọgbẹ́ kì í sábà tó gígùn apá. Ọgbẹ́ inú ikùn kì í mí, kì í wúkọ́. Ti ọ̀fun wà lójú ọ̀nà èémí gan-an, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ tó bá ta níbẹ̀ a máa kó itọ́ àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ dání. Oògùn akunilóorun a máa pa ikọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ń ki rọ́bà èémí bọ ọ̀fun tàbí tí wọ́n ń fà á yọ, ikọ́ lè sọ lójijì. Ọ̀pọ̀ ẹ̀kán náà kéré débi pé dókítà kì í mọ̀ pé ó ba òun, àfi tó bá bọ́ awò ojú rẹ̀ tán tó rí ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ lára rẹ̀.

Èyí tó burú jù ni dídá ihò sí kòmóòkun fún ẹni tí nǹkan ti dí lọ́nà èémí. Bí ọ̀bẹ bá ti wọ kòmóòkun, bí aláìsàn bá wúkọ́ báyìí, afẹ́fẹ́ á tú jáde tagbáratagbára, á gbé ẹ̀jẹ̀ àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lu ojú ẹni tó tẹ̀ríba lórí rẹ̀. Ní òru pàjáwìrì, ta ni yóò kọ́kọ́ wá awò ojú? Àwọn ẹ̀kán ńlá kì í pẹ́ balẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó wẹ́ ju ohun tí ojú lè rí lọ lè wà nínú afẹ́fẹ́ tíátà iṣẹ́ abẹ fún wákàtí púpọ̀, bí ìyẹ̀wù náà kò bá ní atẹ́gùn tó dára.

Àrùn tó ń bá ọ̀nà yìí wọlé kì í ṣe ọ̀kan. Ní Nàìjíríà, ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ọdún 2018 fi hàn pé nǹkan bí ẹni 8 nínú 100 ló ní àrùn ẹ̀dọ̀ hẹpatáítìsì B. Àwọn tó ní HIV kò tó 2 nínú 100. Bí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní HIV bá ta síni lójú, ewu pé yóò ranni kò tó ẹyọ kan nínú 1,000. Hẹpatáítìsì B ló yẹ kí a bẹ̀rù jù, nítorí ó ń ranni ju HIV lọ fíìfíì, ó sì lè wà láàyè lórí irin tàbí tábìlì fún ọjọ́ 7. Ikọ́ ife tó bá mú gògóńgò ń ranni gan-an. Ibà Lassa, tó ń jà lemọ́lemọ́ ní Ọ̀wọ̀ àti agbègbè rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, máa ń fi ibà àti ọ̀fun dídùn bẹ̀rẹ̀, ó sì rọrùn kí èèyàn pè é ní bẹ́lúbẹ́lú lásán.

Ní ọdún 2020, ohun tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ọ̀fun ti mọ̀ tipẹ́ wá di ọ̀rọ̀ gbogbo ayé. Kòkòrò kòrónà a máa pọ̀ nínú imú àti ọ̀fun, kódà lára ẹni tí kò mọ̀ pé ara òun kò yá. Ní òpin oṣù Kẹta ọdún náà, ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Jesse Otegbayo, kéde pé àyẹ̀wò ti fi hàn pé òun ní kòrónà. Kì í ṣe oníṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n ìròyìn náà ká ìlú lára: UCH, tó ṣílẹ̀kùn ní 1957, ni wọ́n ń gbé aláìsàn tí àìsàn rẹ̀ le lọ láti àdúgbò bíi Òkè Padre, Bẹẹrẹ àti Mapó. Lọ́sẹ̀ kan náà, Amged El-Hawrani, oníṣẹ́ abẹ etí, imú àti ọ̀fun ní Burton, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kú nípa àrùn náà ní ọmọ ọdún 55. Ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, wọ́n dá iṣẹ́ abẹ ọ̀fun tí kì í ṣe kánjúkánjú dúró.

Ó yani lẹ́nu pé kì í ṣe nítorí dókítà ni wọ́n ṣe ṣe ìbòmú. Ní 1897, ní ìlú Breslau tó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà, Carl Flügge fi hàn pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń fọ́n itọ́ tó ní kòkòrò síta. Ọdún yẹn náà ni Johann von Mikulicz bẹ̀rẹ̀ sí í bo ẹnu àti imú ṣiṣẹ́ abẹ, kí itọ́ rẹ̀ má bàa bọ́ sínú ọgbẹ́. Nígbà tó jẹ́ aláìsàn ni wọ́n ń dáàbò bò, kò sẹ́ni tó ro ti ojú. Àṣà yẹn kò tíì tán: dókítà tí kò jẹ́ wọ tíátà láìbo imú lè fi ojú lásán ṣiṣẹ́, nítorí pé awò máa ń kun fún ooru èémí. Awò ìríran lásán kò sì tó, torí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ta síni lójú, omi tó mọ́ ni kí wọ́n fi ṣan án kíákíá, láìfi ọṣẹ sí i, kí wọ́n sì sọ fún ọ̀gá tíátà, kí wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wò. Oògùn tó ń dènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72, ọjọ́ 28 ni wọ́n sì ń lò ó. Ní ti hẹpatáítìsì B, abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́ta ló wà fún un, láàárín oṣù 6, ó sì yẹ kí dókítà àti nọ́ọ̀sì ti gbà á kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọ̀bẹ. Ewu ẹ̀jẹ̀ yìí kan àwọn tó ń fi abẹ gé bẹ́lúbẹ́lú nílé pẹ̀lú, àṣà tó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Hausa tí a sì tún ń rí nílẹ̀ Yorùbá: ojú lásán, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń ṣe é, ẹnu ọmọ tó ń ké ni wọ́n sì ń tẹ̀ríba sí.