Ẹ̀rọ Kọ̀ǹpútà àti Ohùn Ọ̀rọ̀ nínú Ẹ̀kọ́ Ìṣẹ̀dá Orin Yorùbá

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ní ṣókí nínú bébà yìí ni ibi tí agbára kọ̀ǹpútà mọ nínú kíkọ́ ìṣẹ̀dá orin Yorùbá. Ètò orí kọ̀ǹpútà bíi MuseScore wúlò púpọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní dùùrù nílé. Bí ó bá ti kọ àmì orin sílẹ̀, ẹ̀rọ yóò gbé orin náà jáde sí i létí. Bí àmì kan bá ga ju ibi tí ohun èlò orin náà lè dé lọ, ẹ̀rọ yóò yí àwọ̀ rẹ̀ padà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí kò mọ ohùn ọ̀rọ̀. Bí àpẹẹrẹ, ohùn àárín méjì ni 'ọkọ' ní. Bí ohùn orin bá gòkè ní sílébù kejì, etí lè gbọ́ 'ọkọ́'. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀, 'ọkọ̀' ni. Ìyàwó tí ó ń ki ọkọ rẹ̀ lè wá di ẹni tí ó ń ki irinṣẹ́ oko. Síbẹ̀, ẹ̀rọ kò ní fi àṣìṣe kankan hàn. T. K. E. Phillips ti ṣe àlàyé àjọṣe ohùn ọ̀rọ̀ àti ohùn orin nínú ìwé rẹ̀, Yoruba Music (1953), kí irú ẹ̀rọ yìí tó dé.

Èrò tiwa ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ fi àmì ohùn sí gbogbo ọ̀rọ̀ orin rẹ̀, kí ó sì kà wọ́n sókè, kí ó tó jókòó ti kọ̀ǹpútà. Bí ó bá parí, kí ó kọ orin náà sí etí ẹni tí kò rí ìwé rẹ̀, kí ó sì bi í ní ohun tí ó gbọ́. Ìdánwò yìí ni kọ̀ǹpútà kò lè bá a ṣe.