Ìmúrasílẹ̀ fún Eyín Yíyọ àti Eyín Àtọwọ́dá

Iyán ni Èkìtì fi ń ṣe àlejò lóore, iyán sì ṣeé gbé mì láìfi eyín kàn án. Ṣùgbọ́n ẹran inú ọbẹ̀ rẹ̀ kò ṣeé gbé mì bẹ́ẹ̀. Àgbàdo sísun àti obì kò sì wà fún ẹnu tí kò ní eyín. Ọ̀rọ̀ sísọ pàápàá ń fẹ́ eyín. Olùkọ́ tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ yóò rí i pé ìró ‘f’ di ìṣòro fún òun, nítorí pé eyín òkè àti ètè ìsàlẹ̀ ni a fi ń pè é. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ eyín kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni. Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Báwo ni ó ṣe kan ẹ̀mí? Bí eyín bá jẹrà dé ìdí, ọyún a máa gbá jọ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a sì máa fi omi iyọ̀ àti oògùn ìrora tì í síwájú, nítorí ìbẹ̀rù abẹ́rẹ́. Bí ọyún eyín ìsàlẹ̀ bá tàn dé abẹ́ àgbọ̀n, wíwú rẹ̀ lè dí ọ̀nà ọ̀fun. Ẹni tí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ wú, tí kò lè la ẹnu dáadáa, tí kò sì lè gbé itọ́ mì, kò gbọdọ̀ dúró di ọjọ́ kejì. Ẹni tí ń gbé ní Fájuyì ní ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó. Ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Ìdó-Èkìtì. Oníṣègùn eyín wà ní méjèèjì.

Ìbẹ̀rù náà ní ìdí nígbà kan rí. Ojú lásán ni a sábà máa ń fi yọ eyín kí ó tó di ọjọ́ 16, oṣù October, ọdún 1846, nígbà tí William Morton, oníṣègùn eyín, fi hàn ní gbangba ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà pé èéfín ether lè mú kí aláìsàn má mọ ìrora abẹ. Ní ọdún 1943, Nils Löfgren ṣe àwárí lidocaine ní Sweden. Òun ni a ń lò jù nínú abẹ́rẹ́ eyín lónìí. Ọ̀nà mẹ́ta ni a fi ń bá ìrora àti ìbẹ̀rù jà:

(i) Abẹ́rẹ́ tí ń pa ojú ibi kan kú. Aláìsàn kò sùn. Ó ń gbọ́, ó ń ríran, ṣùgbọ́n kò mọ ìrora. Ó yẹ kí ó ti jẹun kí ó tó lọ. Lẹ́yìn náà, kí ó má ṣe jẹ ohun gbígbóná títí ètè yóò fi jí, kí ó má baà bu ara rẹ̀ jẹ.

(ii) Oògùn ìfarabalẹ̀, yálà èyí tí a gbé mì, èyí tí a fà símú, tàbí èyí tí a fà sí iṣan. Ó wà fún ẹni tí ẹ̀rù ń bà gidigidi. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ sin aláìsàn délé. Bí ó bá jẹ́ èyí tí a gbé mì tàbí tí a fà sí iṣan, kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ tàbí kí ó fọwọ́ sí ìwé pàtàkì fún wákàtí 24.

(iii) Oògùn oorun pátápátá. Ilé ìwòsàn tí ó ní akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ oògùn oorun nìkan ni ó tọ́ sí. Ó kéré tán, wákàtí 6 ni aláìsàn fi ń gbààwẹ̀ oúnjẹ, wákàtí 2 ni ti omi, nítorí pé oúnjẹ inú ikùn lè padà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró.

Òtítọ́ sísọ ni olórí ìmúrasílẹ̀. Kí oníṣègùn gbọ́ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, àrùn ọkàn, àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, oyún, àti gbogbo oògùn tí a ń lò, títí kan àgbo. Ẹni tí ń lo warfarin tàbí aspirin kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀; bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ fi pamọ́, nítorí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè má tètè dá. Ẹni tí abẹ́rẹ́ kan ti ṣe ní ibi rí gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

Lẹ́yìn eyín yíyọ, kí a ge òwú jẹ mọ́ ojú ibẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí. Kí a má ṣe fọ ẹnu kíkankíkan lọ́jọ́ náà, kí a má sì mu sìgá. Ẹ̀jẹ̀ dídì ni ó ń bo egungun. Bí ó bá ṣí kúrò, ìrora kíkorò yóò dé láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́rin.

Ìgbà wo wá ni a ń fi eyín àtọwọ́dá sí i? A lè fi í sí i lọ́jọ́ tí a yọ eyín gan-an, kí ojú má baà ti ènìyàn. Ṣùgbọ́n èrìgì àti egungun yóò máa sún kì fún oṣù mélòó kan, eyín náà yóò sì di gbẹ̀gẹ̀rẹ̀. A ó ní láti tún inú rẹ̀ ṣe. Ẹni tí ó bá lè fara dà á yóò dúró títí èrìgì yóò fi jinná.

Ní ti ohun èlò, acrylic ni ó wọ́pọ̀ jù. Láti àwọn ọdún 1930 ni a ti ń lò ó. Kò wọ́n púpọ̀, ó sì ṣeé tún ṣe, ṣùgbọ́n ó lè fọ́ bí ó bá já bọ́. Irin cobalt àti chromium fẹ́lẹ́, ó sì lágbára, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga. Náílọ́nì tí ń tẹ̀ rọ̀ lẹ́nu, àmọ́ títún un ṣe nira. Ara ẹlòmíràn kì í gba irin tàbí acrylic. Ìyẹn náà yẹ ní sísọ.

Ohun kan ni kí a sá fún: ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ tí ń po ìyẹ̀fun mọ́ omi, tí ó sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ eyín tí ó kù. Kò ṣeé bọ́ kúrò, oúnjẹ a há sábẹ́ rẹ̀, èrìgì a sì bàjẹ́, títí àwọn eyín tí ó yè yóò fi mì. Eyín àtọwọ́dá tòótọ́ ni èyí tí a lè bọ́ lálẹ́, kí a fọ̀ ọ́, kí a sì rẹ ẹ́ sínú omi tútù. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: ẹni tí ó bá tètè lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn lè má pàdánù ju eyín kan lọ.