Gbèsè Sísan àti Owó Fífipamọ́: Èwo Ni Kí Ó Ṣáájú?

Lára àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi àwa olùbẹ̀wò nígbà tí a bá lọ yẹ ìwé ẹgbẹ́ wò, ọ̀kan wà tí kì í wọ́n. Ẹni tí ó bá fẹ́ béèrè rẹ̀ á dúró títí ìpàdé yóò fi tú, á wá fà wá sí ẹ̀gbẹ́ kan, á ní: "Ọ̀gá, gbèsè wà lọ́rùn mi, ẹ sì ní kí n máa fi owó pamọ́. Owó wo ni kí n fi pamọ́ nígbà tí mo jẹ gbèsè?"

Ìbéèrè ọlọgbọ́n ni, kò sì yẹ kí a máa dá a lóhùn wọ́nranwọ̀nran. Ohun tí àwa náà kọ́kọ́ máa ń béèrè lọ́wọ́ onítọ̀hún ni pé: Ta ni ẹ jẹ ní gbèsè náà? Èló ni èlé rẹ̀ lóṣù? Ó yà wá lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ ni kò lè dáhùn ìbéèrè kejì yìí. Wọ́n mọ iye tí wọ́n ń gbé fún olówó, ṣùgbọ́n wọn kò mọ èyí tí í ṣe èlé nínú rẹ̀ àti èyí tí í ṣe ojú owó.

Gbèsè kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Ẹni tí ó ra ọjà láwìn lọ́wọ́ oníbàárà rẹ̀ tí kò sí èlé lórí rẹ̀, gbèsè ni ó jẹ. Ẹni tí ó yá owó nínú ẹgbẹ́, gbèsè ni ó jẹ. Ẹni tí ó sì lọ bá àwọn tí àwọn bàbá wa ń pè ní sogúndogójì, àwọn tí í sọ ogún di ogójì, gbèsè ni òun náà jẹ. Ṣùgbọ́n a kò lè fi ojú kan náà wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá kan tí ó ń ta aṣọ ṣe àpẹẹrẹ. Owó ìfipamọ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ jẹ́ ₦120,000. Ó yá ₦100,000 lọ́wọ́ olówó èlé kan láàárín ọjà, èlé rẹ̀ sì jẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́wàá lórí náírà kọ̀ọ̀kan lóṣù. Lẹ́yìn tí ó bá ti yọ owó oúnjẹ, owó ilé àti owó ilé-ìwé àwọn ọmọ, ₦16,000 ni ó máa ń ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́ lóṣooṣù. Ìyá yìí ní òun kò ní jẹ́ kí gbèsè dí ìfipamọ́ òun lọ́wọ́. Ó ń gbé èlé ₦10,000 fún olówó lóṣooṣù, ó sì ń mú ₦6,000 yòókù wá sí ìpàdé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́wàá, owó rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ti di ₦180,000, inú rẹ̀ sì ń dùn. Ṣùgbọ́n ó ti san ₦100,000 gẹ́gẹ́ bí èlé, bẹ́ẹ̀ ni ₦100,000 tí ó yá ṣì dúró síbẹ̀ gbọnrangandan, kò dín ní kọ́bọ̀ kan.

Bí ìyá yìí bá bi wá, a ó ní kí ó tọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wa, ìlọ́po méjì owó ìfipamọ́ ni ọmọ ẹgbẹ́ lè yá, nítorí náà ₦100,000 kò pọ̀ jù fún un. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé kọ́bọ̀ kan lórí náírà kan lóṣù ni èlé ẹgbẹ́ rẹ̀, àti pé orí ojú owó tí ó bá ṣẹ́ kù ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀. Yóò fi owó náà san ti olówó èlé tán lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn èyí, yóò máa dá ₦10,000 padà fún ẹgbẹ́ lóṣooṣù. Èlé oṣù kìíní jẹ́ ₦1,000, ti oṣù kejì ₦900, títí yóò fi di ₦100 ní oṣù kẹwàá. Gbogbo èlé náà lápapọ̀ kò ju ₦5,500 lọ. Ní gbogbo àkókò yìí, kò ní ṣíwọ́ fífi ₦5,000 pamọ́ lóṣù. Nígbà tí oṣù mẹ́wàá bá pé, owó ìfipamọ́ rẹ̀ yóò jẹ́ ₦170,000, kò sì ní jẹ ẹnikẹ́ni.

Ẹ fi ojú inú wo àwọn ìyá méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀kan ní ₦180,000 ó sì jẹ gbèsè ₦100,000. Èkejì ní ₦170,000, ọrùn rẹ̀ sì mọ́. Ẹnìkan náà ni, owó oṣù kan náà ni.

Ọ̀rọ̀ èlé tí kì í jẹ́ kí ojú owó dín kù yìí kò ṣàjèjì nílẹ̀ wa. Ohun tí ìwọ̀fà jẹ́ nìyẹn. Ẹni tí wọ́n bá fi ṣe ìwọ̀fà yóò máa sin olówó. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe lóko olówó ni èlé. Ì báà sìn ín fún ogún ọdún, iye tí bàbá rẹ̀ yá ni bàbá rẹ̀ ṣì jẹ, àyàfi ọjọ́ tí wọ́n bá kó ojú owó wá. Nígbà tí ìwọ̀fà kásẹ̀ nílẹ̀, kòkó gba ipò rẹ̀ lápá kan. Àgbẹ̀ tí ọwọ́ ń ro á fi oko kòkó rẹ̀ dógò, olówó á máa ká kòkó náà lọ́dọọdún, gbèsè á sì dúró bí ó ti wà. Ara ohun tí ẹgbẹ́ wá láti mú kúrò nìyí. Ọ̀gbẹ́ni C. F. Strickland tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pè láti wá wo bí a ṣe lè dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ ní Nàìjíríà kọ ìròyìn rẹ̀ ní 1934, òfin ẹgbẹ́ sì jáde ní 1935. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbẹ̀ tí ó kọ́kọ́ wọ ẹgbẹ́ ní agbègbè Ìbàdàn mọ bí oko ẹni ṣe ń di ti ẹlòmíràn lójú ẹni.

Nítorí náà, bí gbèsè olówó èlé bá wà lọ́rùn yín, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ lé lọ. Owó ìfipamọ́ kan kò sí lórílẹ̀-èdè yìí tí yóò mú kọ́bọ̀ mẹ́wàá lórí náírà kan wọlé fún yín lóṣù.

Ṣùgbọ́n àṣìṣe kejì wà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ara wọn kì í gba gbèsè ni ó sì máa ń ṣe é jù. Bí a bá ṣí léjà ẹgbẹ́, a máa ń rí i kedere. Ní ojú ewé ẹnìkan, àyè tí a kọ ẹ̀yáwó sí á kún fọ́fọ́, oṣù kan kò ní jẹ. Àyè owó ìfipamọ́ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á ṣófo láti ọjọ́ tí ó ti gba ẹ̀yáwó. Bí a bá béèrè, akọ̀wé á ní, "Ó ní kí àwọn jẹ́ kí òun san gbèsè tán ná." Ìgbìmọ̀ aláṣẹ mìíràn tilẹ̀ máa ń yin irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àwa kì í yìn ín.

Ẹ padà sọ́dọ̀ ìyá aláṣọ wa. Ká ní ó fi gbogbo ₦16,000 rẹ̀ san ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ lóṣooṣù láìfi nǹkan kan pamọ́, yóò san án tán ní bí oṣù méje dípò mẹ́wàá. Èlé tí ìkánjú yìí bá a yọ kò tó ₦2,000. Ní oṣù kẹrin, ọmọ rẹ̀ ṣàìsàn, wọ́n ní kí ó mú ₦40,000 wá sí ilé-ìwòsàn. Kò sí kọ́bọ̀ nílẹ̀. Ó sáré padà sọ́dọ̀ olówó èlé. Èlé oṣù kan péré lórí ₦40,000 yẹn jẹ́ ₦4,000, ìlọ́po méjì gbogbo ohun tí ó rò pé òun fi ìkánjú jèrè. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

Ẹnìkan lè bi wá pé, owó tí ó wà nínú ẹgbẹ́ ńkọ́, ṣebí wọn kì í jẹ́ kí a gbà á jáde nígbà tí ẹ̀yáwó bá wà lọ́rùn ẹni? Òótọ́ ni. Ìdí nìyí tí a fi ń gba ọmọ ẹgbẹ́ níyànjú pé kí ó pín ìfipamọ́ rẹ̀ sí ọ̀nà méjì. Ìyá wa lè fi ₦3,000 sínú ìfipamọ́ gidi, kí ó fi ₦2,000 sínú ìfipamọ́ àkànṣe, èyí tí a lè gbà padà bí ẹgbẹ́ bá ní irú rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ kò bá ní i, kí ó fún alájọ tí ó mọ̀ dáadáa. A mọ̀ pé owó ọjọ́ kan ni alájọ máa ń yọ lóṣù. Ó sàn ju kí owó wà nínú ìkòkò lọ níbi tí ojú ẹni á ti máa wò ó. ₦8,000 tí yóò ti wà nílẹ̀ ní oṣù kẹrin kò tó owó ilé-ìwòsàn yẹn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ní ẹ̀yáwó pàjáwìrì, ohun tí ìgbìmọ̀ sì kọ́kọ́ máa ń wò ni bóyá onítọ̀hún ń fi owó pamọ́ déédéé. Ẹni tí àyè rẹ̀ ṣófo nínú léjà kì í lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Àwọn kan tún ń sọ pé ìfipamọ́ kò wúlò mọ́ nítorí pé owó ń rọ̀. A kò lè bá wọn jiyàn púpọ̀ lórí ìyẹn. Ní 2024, iye tí ọjà fi gbówó lórí láàárín ọdún kan kọjá náírà 30 lórí 100. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí àwa rí fà yọ níbẹ̀ ni pé kí ẹni tí ó ní owó púpọ̀ má fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní náírà lásán. Kí ó fi ra ọjà tàbí irinṣẹ́. Ìfipamọ́ ₦5,000 lóṣù kì í ṣe ọ̀nà ọlà. Àkàbà ni, òun ni a fi ń gun òkè lọ gba ẹ̀yáwó tí èlé rẹ̀ kéré.

Níbi àkàbà yìí, ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí kan wà tí a mọ̀. Ẹnìkan á fẹ́ yá ₦400,000, owó ìfipamọ́ rẹ̀ kò sì ju ₦120,000 lọ. Á lọ yá ₦80,000 lọ́wọ́ olówó èlé, á sáré fi kún ìfipamọ́ kí ó lè di ₦200,000, á sì kọ̀wé béèrè ẹ̀yáwó ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Ó rò pé òun gbọ́n. Lọ́jọ́ tí ẹ̀yáwó bá jáde, ₦80,000 àti èlé rẹ̀ ti bọ́ lọ kí ó tó délé, gbèsè ₦400,000 sì ti dúró dè é. Àwọn onídùúró rẹ̀ ni yóò jẹ ìyà rẹ̀. Ẹ̀yin akọ̀wé, bí ẹ bá rí owó ńlá tí ó wọlé lójijì lójú ewé ẹni tí kì í mú ju ₦3,000 wá, ẹ béèrè.

A kò gbọdọ̀ fo àwọn ayánilówó orí fóònù. Láyé àtijọ́, ológò a máa lọ dógò ti onígbèsè nínú ilé rẹ̀, á máa pa á ládìyẹ jẹ títí owó yóò fi yọjú. Òṣómàáló tí ń ta aṣọ láwìn á lóṣòó síwájú ilé. Ìtìjú náà kò kọjá àdúgbò. Àwọn ti òde òní ń kọ ìwé ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù onígbèsè, àti àna, àti pásítọ̀, àti lémọ́ọ̀mù. Ní 2022, FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń dáàbò bo oníbàárà, gbé ìlànà jáde pé kí wọ́n wá forúkọ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ti kó sí wọn lọ́wọ́, kí ó fi tiwọn ṣáájú tẹni gbogbo, nítorí pé ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n máa ń dá fúnni, èlé wọn sì máa ń ga.

Bí gbèsè bá ju ẹyọ kan lọ ńkọ́? Èyí tí èlé rẹ̀ ga jù ni kí ẹ dojú kọ, kí ẹ sì máa san ìwọ̀nba tí a dá lórí àwọn yòókù. Àwọn kan fẹ́ràn láti kọ́kọ́ pa èyí tí ó kéré jù kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èyí tí a lè parí lóṣù kan, a kò ní takò ó. Ti ẹgbẹ́ kò nílò ìkánjú, ṣùgbọ́n ọjọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ yẹ̀. Ẹni tí ó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó ti bẹ́gi dínà egbèje.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù tí ó le. Nígbà mìíràn, ọmọ ẹgbẹ́ á ṣe bí a ti wí, ẹgbẹ́ á sì sọ fún un pé owó kò sí nílẹ̀. Oṣù kẹsàn-án tí ilé-ìwé ń wọlé àti oṣù kejìlá ni èyí máa ń ṣẹlẹ̀ jù. Kí ó ha jáde nínú ẹgbẹ́ kí ó lè gba owó rẹ̀ lọ san gbèsè bí? Bí ìdúró kò bá ju oṣù méjì lọ, kí ó ní sùúrù. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí èlé ìta sì ń jẹ ẹ́ run, kí ó kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ láti gba lára ìfipamọ́ rẹ̀ bí òfin ẹgbẹ́ bá gbà á láyè, kí ó sì fi ìwọ̀nba díẹ̀ sílẹ̀ kí orúkọ rẹ̀ má ṣe kúrò nínú ìwé. Ìgbìmọ̀ tí ó bá gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ tì í sábẹ́ ìwé mìíràn títí di ìpàdé ọdọọdún, nítorí pé èlé olówó kì í dúró de ìpàdé. Kí ẹni tí ó kọ ọ́ sì ti fi iye gbèsè náà, orúkọ ẹni tí ó jẹ àti èlé rẹ̀ lóṣù sínú rẹ̀. Bí ó bá dúró fún ẹnìkan, kí ó sọ fún onítọ̀hún kí ó tó mú ìwé náà lọ bá akọ̀wé.