Bí NSITF Bá Sọ Pé Rárá: Ọ̀nà Ilé-ẹjọ́ fún Òṣìṣẹ́ Tó Fara Pa ní Warri

Wẹ́dà pọ̀ ní Warri. Láti ìgbà tí ilé ìfọpo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ekpan ní 1978, tí iléeṣẹ́ irin Delta Steel sì tẹ̀lé e ní Ovwian-Aladja ní 1982, ni àgbègbè náà ti kún fún àwọn tó ń jó irin pọ̀, àwọn tó ń to páìpù, àti àwọn tó ń gun àkàbà lórí omi àti lórí ilẹ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ a máa gba ìka, ojú tàbí ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é. Òfin ti ya owó gbà-máà-bínú sọ́tọ̀ fún ẹni tí iṣẹ́ bá sọ di aláàbọ̀ ara. Bí wọ́n bá sì fi owó náà dù ú, ilé-ẹjọ́ tó lè gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ń jókòó ní Warri gan-an.

Employees' Compensation Act ni orúkọ òfin náà, Ààrẹ Goodluck Jonathan ló sì buwọ́ lù ú ní oṣù Kejìlá ọdún 2010. Kó tó dé, òfin Workmen's Compensation ni wọ́n ń lò. Lábẹ́ òfin àtijọ́ yẹn, agbanisíṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń sanwó, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì ń san án: ẹni tí kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́ láéláé gba owó oṣù 54, ó parí. Bí ọ̀gá bá kọ̀, tí kò sì sí ọ̀gá tí inú rẹ̀ ń dùn láti yọ irú owó bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ dé nìyẹn. Òfin tuntun gbé ẹrù náà kúrò lọ́rùn ọ̀gá kan ṣoṣo. Agbanisíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò kan tí àjọ NSITF ń tọ́jú, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó òṣìṣẹ́. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gbé iṣẹ́ kankan mọ́ yóò máa gba ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, oṣooṣù.

Ta ni òfin yìí pè ní òṣìṣẹ́? Ibí yìí ló ti kan ará Warri jù lọ, nítorí ọ̀dọ̀ agbaṣẹ́ṣe ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣiṣẹ́, láìsí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́. Òfin ní kò dìgbà tí ẹ bá kọ ọ́ sínú ìwé: àdéhùn ẹnu tó. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí wọ́n ń pè ní casual. Kódà, ẹni tó bá fara pa lójú ọ̀nà láti ilé rẹ̀ sí ibi iṣẹ́, tàbí lójú ọ̀nà láti ibi iṣẹ́ sí ibi tó máa ń lọ jẹun, lè béèrè owó, bí agbanisíṣẹ́ bá ti mọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá kò sì lè mú òṣìṣẹ́ tọwọ́ bọ̀wé pé òun yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ yìí. Òfin kò ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń sọ pé rárá?

Ọjọ́ ni ọ̀fìn àkọ́kọ́. Láàárín ọjọ́ 14 tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ fún ọ̀gá, súpáfáísọ̀ tàbí ẹni tó ń tọ́jú ọgbẹ́ níbi iṣẹ́: orúkọ rẹ̀, ìgbà àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀, àti ohun tó fa ọgbẹ́ náà, ní èdè lásán, láìsí gẹ̀ẹ́sì dókítà. Agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ méje láti fi tó NSITF létí. Ìwé tí òṣìṣẹ́ fi ń béèrè owó sì gbọ́dọ̀ wọlé láàárín ọdún kan. Ẹni tó bá pẹ́ ju ọjọ́ 14 lọ kò tíì pàdánù tán: bí agbanisíṣẹ́ bá ti mọ̀ sí ìjàǹbá náà, tàbí tí àìsọ rẹ̀ kò pa á lára, àjọ lè gbà á wọlé. Àmọ́ òṣìṣẹ́ ni yóò máa ṣàlàyé, pẹ̀lú báńdéèjì lọ́wọ́.

Àríyànjiyàn kejì le ju ti ọjọ́ lọ. Ṣé iṣẹ́ ló fa àìlera yìí? Apá tí ẹ̀rọ gé kò ní àríyànjiyàn púpọ̀. Etí tó di lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá nídìí jẹnẹrétọ̀, tàbí ẹ̀dọ̀fóró tí èéfín wẹ́dà bà jẹ́, ni wọ́n máa ń jà lé lórí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin dárúkọ etí dídi àti àìsàn tí iṣẹ́ ń fà. Ẹ̀rí dókítà ló máa ń pinnu irú rẹ̀.

Ilé-ẹjọ́ kọ́ ni ibi àkọ́kọ́ tí ẹni tí wọ́n kọ̀ fún ń lọ. Òfin ní kó kọ́kọ́ padà sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ NSITF fúnra rẹ̀, kí wọ́n tún ìpinnu náà yẹ̀ wò. Ẹni tó bá fo ìpele yìí ń fún agbẹjọ́rò àjọ ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi ní kí adájọ́ da ẹjọ́ náà nù. Bí ìgbìmọ̀ bá ṣì ní rárá, ọ̀nà ṣí sí National Industrial Court.

Ilé-ẹjọ́ yìí kì í ṣe tuntun. Òfin ìjọba ológun ló dá a sílẹ̀ ní 1976 fún aáwọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Àtúnṣe kẹta sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè ló wá fún un lágbára tó ní lónìí: apá 254C ní òun nìkan ni yóò máa gbọ́ ẹjọ́ iṣẹ́, ó sì dárúkọ òfin owó gbà-máà-bínú yìí. Òṣìṣẹ́ tàbí lọ́yà rẹ̀ yóò kó ìwé ìpẹ̀jọ́ wá pẹ̀lú àlàyé ọ̀rọ̀, orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí, ohun tí wọ́n fẹ́ sọ lábẹ́ ìbúra, àti ẹ̀dà gbogbo ìwé tó fẹ́ lò. Adájọ́ kan ṣoṣo ló sábà máa ń jókòó. Ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé òfin ẹ̀rí, ṣùgbọ́n a fún un láyè láti yà kúrò nínú rẹ̀ bí ìdájọ́ òdodo bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, àǹfààní ńlá fún ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé. Lẹ́yìn ibẹ̀, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ló kù. Àwọn kan ti ń jiyàn pé kò ní agbára lórí púpọ̀ nínú irú ẹjọ́ wọ̀nyí, títí Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fi tán ọ̀rọ̀ náà ní oṣù Kẹfà 2017, nínú ẹjọ́ Skye Bank àti Victor Iwu: ó ní agbára, àmọ́ ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ kò bá jẹ mọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àyè. Kò sí ibòmíràn láti lọ mọ́ lẹ́yìn Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn.

Ọmọ Yorùbá tó wà ní London mọ irú àkàsọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n kọ PIP, owó tí ìjọba ibẹ̀ ń san fún aláàbọ̀ ara, fún ní oṣù kan láti ní kí iléeṣẹ́ tún un gbé yẹ̀ wò, kó tó dé iwájú ìgbìmọ̀ adájọ́, dókítà àti ẹni tó mọ̀ nípa àìlera. Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ 60 ni wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n kọ owó aláàbọ̀ ara fún ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Ìyàtọ̀ pàtàkì ni pé PIP kì í béèrè bóyá ibi iṣẹ́ lèèyàn ti di aláàbọ̀ ara. Owó NSITF wà fún ẹni tí iṣẹ́ pa lára nìkan. Ní ti àwọn yòókù, òfin ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kìíní 2019 fi òfin de ìyàsọ́tọ̀, kò ṣètò owó oṣooṣù.

Nítorí náà, òfin 2010 dára ju èyí tó rọ́pò lọ, ṣùgbọ́n àbùkù rẹ̀ ni pé ó gbé ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ lé ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù lọ́wọ́. Iléeṣẹ́ ńlá ní òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ààbò, tó mọ fọ́ọ̀mù. Wẹ́dà tí agbaṣẹ́ṣe gbà ní àárọ̀ kò ní irú rẹ̀. Legal Aid Council wà fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tó kéré jù lọ, àmọ́ lọ́yà kò lè dá ọjọ́ 14 tó ti kọjá padà. Kí NSITF kọ ọjọ́ 14 yẹn gàdàgbà sí ẹnu ọ̀nà gbogbo ibi iṣẹ́ tí àjọ náà ń gba owó lọ́wọ́ wọn, ní Píjìn, ní Urhobo, ní Ìtsẹkírì àti ní Ìjọ̀, kí òṣìṣẹ́ rí i kó tó gun àkàbà.